Wọ́n Ní Kí N Má Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Tì Í

Dòdò ni mo fi fọ aṣọ ní ọjọ́ kejì tí mo dé Ìkirè. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní abúlé wa lẹ́bàá Kétu, lọ́hùn-ún lábẹ́ àwọn Faransé, dòdò pupa ni mo mọ̀, inú àwo ni a sì ń bù ú sí. Èyí tí Ìyá Sẹ̀lí fún mi dúdú bí èédú. Ó rí róbótó, epo ń dán lára rẹ̀, wọ́n sì fi ewé wé e. Ìyá Sẹ̀lí yìí ni ìyálé Àlàájì, ẹni tí a wọ̀ sí ilé rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo gbé ẹ̀bùn mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo bu omi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ bùbá baálé mi.

Kò hó. Mo tún bu omi sí i, mo fi ọwọ́ méjèèjì pa á, síbẹ̀ kò hó. Àwọn ìyàwó ilé méjì tó ń kọjá dúró wò mí.

“Ará Kétu, kí lo fi ń fọ aṣọ?”

“Ọṣẹ dúdú tí ìyálé fún mi ni.”

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ìyá Sẹ̀lí tí ẹ̀rín wọn pè jáde kò rẹ́rìn-ín. Ìyálé fúnra wọn lọ mú òmíràn wá, wọ́n bù ú sí méjì, wọ́n jẹ ìdajì lójú mi, wọ́n sì fi ìdajì yòókù sí mi lẹ́nu. Ata inú rẹ̀ mú kí omi bọ́ lójú èmi náà, àbí kí n kúkú sọ pé mo rí ata fi ṣe àwáwí.

“Oúnjẹ ni, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù ni a fi ń ṣe é. Mú bùbá yẹn wá, a ó bá ọ fọ̀ ọ́.”

Bí a ṣe dé Ìkirè kò gùn lẹ́nu mi. Àwọn Faransé ń kó àwọn ọkùnrin wa lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀ranyàn lójú ọ̀nà, baálé mi kò sì fẹ́ lọ. Wọ́n ní kòkó ń bẹ ní ìhà Ìkirè àti Àpòmù, pé ẹni tó bá ti ní apá kò ní ṣòfò níbẹ̀. A wá. Ó rí iṣẹ́ sí oko kòkó kan lẹ́yìn Àpòmù, abà ni ó sì ń sùn. Ó fi èmi sílẹ̀ ní Ìkirè, ní agboolé Àlàájì tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ó ní abà oko kò yẹ obìnrin tí kò mọ ẹnì kankan. Kò rántí pé n kò mọ ẹnì kankan ní Ìkirè náà.

Ká ní ìlú tí èdè wọn yàtọ̀ pátápátá ni mo lọ, ǹ bá mọ̀ pé àjèjì ni mí, ojú mi ì bá sì là. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni mí. Mo ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, ó tún ń dà bí ẹni pé n kò gbọ́. Bí mo bá la ẹnu, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Bí mo bá ní kí wọ́n bá mi mú àlùmẹ́tì, wọ́n á máa wò mí títí ẹnì kan á fi sọ pé, “Ìṣáná ló ń wí.” Àwọn ọmọdé ilé á máa sín ohùn mi jẹ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí n kì í sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Kì í ṣe pé inú ń bí mi. Ó kàn rẹ̀ mí láti máa gbọ́ ohùn ara mi ni.

Ilé Àlàájì nìkan ni ó ní iná ẹlẹ́tíríìkì ládùúgbò wa nígbà náà. Ẹ̀ńjìnnì àlòkù kan tí ó rà lọ́wọ́ àwọn tó ń la pákó ni ó ń gbé iná náà jáde, inú ilé páànù kékeré kan lẹ́yìnkùlé ni ó sì wà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ráímì ni ó ń fi irin yí i títí yóò fi gbá, yóò wá máa dún gbì-gbì-gbì bí ẹni ń gún iyán fún gbogbo ìlú. Ẹ̀ńjìnnì yẹn ń mu omi ju màlúù lọ. Bí wọn kò bá bu omi sí i, yóò gbóná, yóò sì kú. Iṣẹ́ tí Ìyá Sẹ̀lí fún mi nìyẹn: pípọn omi fún ẹ̀ńjìnnì.

Irin gígùn kan tún wà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé páànù náà, wọ́n so wáyà mọ́ ọn lórí. Ráímì ní kí n máa da omi sí ìdí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. N kò béèrè ìdí. Nílé wa, bí wọ́n bá ní kí o da omi sí ìdí irin, o mọ ẹni tó ni irin. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí n tó dà á, mo sì máa ń kí i. Ráímì rí mi lọ́jọ́ kan, ó kọjá lọ. Bóyá òun náà kò mọ ohun tí omi náà wà fún.

Bí mo bá fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ ohùn mi, ẹnu Ìyá Olóbì ni mò ń fi sí. Obìnrin yìí máa ń wá ra obì ní ọ̀dọ̀ wa, á sì gbé e lọ tà ní Ìmẹ̀kọ. Láti Ìmẹ̀kọ, ẹlòmíràn á gba ọ̀rọ̀ náà dé Kétu, ẹlòmíràn á gbà á dé abúlé. Mo ní kí wọ́n sọ fún ìyá mi pé ara mi le, pé mo ti ní iṣẹ́, pé mò ń pọn omi fún iná mànàmáná. Ó pẹ́ kí èsì tó dé.

“Ìyá rẹ ní wọ́n kí ọ,” ni Ìyá Olóbì wí. “Wọ́n ní kí ló dé tí o fi lọ ń pọn omi fún Ṣàngó ẹni ẹlẹ́ni, nígbà tí ti ilé yín wà níbẹ̀ tí kò rí ẹni pọn fún un?”

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo wá ń rò ó pé ọ̀rọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, síbẹ̀ kì í ṣe èmi ni ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo fẹ́ ṣàlàyé, n kò sì mọ bí n ó ṣe ṣe é tí yóò fi gba ẹnu gbogbo àwọn èèyàn yẹn kọjá láìdàrú. Mo ní kí wọ́n ṣáà sọ pé mo ti gbọ́.

Ní ọdún kejì, kòkó wọlé gan-an, sítọ́ọ̀ Àlàájì sì kún dé òrùlé. Àlàájì wá fẹ́ kí iná dé inú sítọ́ọ̀, kí wọ́n lè máa wọn kòkó bí ojú ọjọ́ bá ṣú. Wọ́n ránṣẹ́ sí Táyé ní Àpòmù, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ iná ní Ìbàdàn. Àpótí onígi tó ń pín iná kiri ilé wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú rẹ̀ ni àwọn fíùsì wà, wáyà tín-ínrín tó máa ń já bí iná bá pọ̀ jù, kí ilé má baà jó. Táyé ṣí ìdérí rẹ̀, ó wò ó fín, ó sì ki imú bọ̀ ọ́ bí ẹni ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ àná.

“Àlàájì, ta ló ṣe eléyìí fún yín?”

“Ẹnì kan ni. Ó ti pẹ́. Ṣáà so ti sítọ́ọ̀ mọ́ ọn.”

“Kò ṣeé so mọ́ ọn, sà. Ìlà wáyà méjì ni wọ́n kì sábẹ́ fíùsì kan ṣoṣo. Fíùsì ọ̀hún gan-an kì í ṣe fíùsì mọ́, wáyà ńlá ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Kò lè já. Bí iná bá pọ̀ jù, wáyà inú ògiri ni yóò máa gbóná.” Ó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ àpótí náà níbi tí igi rẹ̀ ti di dúdú. “Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ ná. Ẹ tún wá fẹ́ kí n mú un lọ sáàárín àpò kòkó.”

Àlàájì wo ìhà sítọ́ọ̀. Gbogbo ohun tí ó ní ló wà nínú sítọ́ọ̀ yẹn, kòkó àwọn àgbẹ̀ tó gbà lọ́wọ́ wọn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ronú kan baálé mi àti ọwọ́ rẹ̀ tí àdá ti bó.

“Kí ni ká wá ṣe?” Àlàájì béèrè.

“Kí n tú tàtijọ́ yìí, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní fíùsì tirẹ̀. Àpótí mìíràn ni n ó kàn fún sítọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú wáyà tó nípọn tó. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọwọ́ mi bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú.”

Àlàájì gbà.

Nígbà tí Táyé padà wá pẹ̀lú ẹrù iṣẹ́ rẹ̀, Ráímì ti bá ọkọ̀ lọ sí Gbọ̀ngán láti lọ gbé epo ẹ̀ńjìnnì wá. Èmi nìkan ni ó bá lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ìkòkò omi mi. Ó mú mi wọ inú ilé páànù. Ọwọ́ irin kan wà lára ògiri níbẹ̀, wọ́n fi igi dì í níbi tí èèyàn ti ń dì í mú. Ibẹ̀ ni iná ti ń kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ńjìnnì wọ inú ilé. Ó fà á wálẹ̀.

“Ìyàwó, ẹ wò ó dáadáa. Ó ti ṣí báyìí. Bó ṣe ṣí yìí ni kó wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í títí n ó fi padà wá fúnra mi. Ẹ̀yin ni mo fi ṣọ́ ọ o.”

Mo ní mo ti gbọ́. Ìgbà tó lọ tán ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì lórí mi. Ó ti ṣí. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ṣebí ìgbà náà ni nǹkan ń gba ibẹ̀ kọjá? Bí a kò bá fẹ́ kí ewúrẹ́ wọlé, ṣebí títì ni à ń ti ilẹ̀kùn? Ọkùnrin yìí fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú àpótí iná, ó sì ní kí ọ̀nà iná wà ní ṣíṣí. Bóyá èmi ni n kò gbọ́ ọ yé. Bóyá ohun tí à ń pè ní títì nílé wa ni wọ́n ń pè ní ṣíṣí níbí. Èmi tí mo ti fi oúnjẹ fọ aṣọ rí. Mo fẹ́ sáré lọ bi í, ṣùgbọ́n ó ti fi mí ṣọ́ nǹkan, n kò sì lè kúrò.

Mo gbọ́ ìró mọ́tò níwájú ilé. Àwọn àlejò Àlàájì tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ ti dé láti Ìbàdàn. Kò pẹ́ sí i, Ráímì yọ, epo ti ta sí i láṣọ, ó ń kánjú.

“Àlàájì ní kí n gbé ẹ̀ńjìnnì dìde. Ooru ń mú àwọn àlejò, fáànù ni wọ́n fẹ́.”

“Bọ̀ọ̀dá Táyé ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.”

“Ti sítọ́ọ̀ ló ń ṣe. Pálọ̀ ni fáànù wà.”

Kò dúró gbọ́ èsì mi. Ó yí irin rẹ̀, ẹ̀ńjìnnì gbá, páànù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí wa. Iná ti wà níbẹ̀ báyìí, ọwọ́ irin yẹn sì wà ní ṣíṣí. Gbogbo ara mi ń sọ fún mi pé kí n tì í, kí n yára tì í, kí iná má baà lọ bá ọkùnrin yẹn. Mo na ọwọ́. Ọwọ́ mi ti kan igi tó wà lára rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í. Ṣé èmi náà wà lára ẹnikẹ́ni? Mo dúró bẹ́ẹ̀, n kò tì í, n kò sì fi í sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo fa ọwọ́ mi kúrò.

“Yà níbẹ̀ kí n tì í,” Ráímì wí.

Mo dúró síwájú ọwọ́ irin náà, mo na apá mi méjèèjì.

“N kò ní yà.”

“Ìwọ ará Kétu, ṣé o gbọ́ pé Àlàájì ló rán mi?”

“Mo gbọ́.”

“Àbí o fẹ́ kí wọ́n lé ẹ jáde nílé yìí ni?”

Kò sí ohun tí mo bẹ̀rù tó ìyẹn. N kò ní ibòmíràn. Ká ní mo mọ̀ pé òtítọ́ ni mò ń ṣe, bóyá ì bá rọrùn fún mi, ṣùgbọ́n n kò mọ̀. Bí Ráímì bá tọ̀nà ńkọ́, tí èmi sì ń di ilé onílé lọ́wọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò yé mi? Orí mi dàrú débi pé mo gbàgbé láti sọkún.

Ráímì lọ pe Àlàájì. Àlàájì fúnra rẹ̀ wá, ó ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ó ń pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí ẹ̀ńjìnnì.

“Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ? Ta ló ni ilé yìí?”

Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà. “Ẹ̀yin ni, sà.”

“Ta ló ni ẹ̀ńjìnnì?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Ó dáa. Dìde kúrò níbẹ̀.”

“Ẹ forí jì mí, sà. N kò lè kúrò. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í.”

Bí Àlàájì ṣe ń wò mí ni Táyé dé ẹnu ọ̀nà. Erùpẹ̀ ògiri bo apá rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Àlàájì kọjá, ó pa ẹ̀ńjìnnì, gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

“Wáyà ńlá tó ń bọ̀ láti ibí ló wà lọ́wọ́ mi, Àlàájì,” ó ní. “Ìhòòhò ni. Bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀ńjìnnì ni mo jù ú sílẹ̀. Ká ní wọ́n ti tì í kí n tó jù ú sílẹ̀ ni...”

Àlàájì tú apá agbádá rẹ̀ sílẹ̀.

“Mo rò pé ti sítọ́ọ̀ yàtọ̀ sí ti pálọ̀,” Àlàájì wí.

“Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, sà.”

Àlàájì yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Ṣé o mọ ohun tí o dènà yìí?”

“N kò mọ̀ ọ́n, sà.”

“Kí ló dé tí o kò fi yà fún mi nígbà náà?”

“Wọ́n ní kí n má yà ni.”

Ó ní kí n dìde. Ó padà sínú ilé, a sì gbọ́ tí ó ń bẹ àwọn àlejò rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ gba atẹ́gùn lábẹ́ igi odán. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé àga jáde.

Mo bi Táyé léèrè pé kí ló dé tí ohun tó ṣí kò fi jẹ́ kí nǹkan kọjá. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó mú mi lọ síbi gọ́tà, níbi tí wọ́n fi pákó ṣe afárá.

“Bí pákó yìí bá wà níbẹ̀, ẹ ó kọjá. Bí mo bá gbé e kúrò ńkọ́?”

“N kò ní kọjá.”

“Bí iná ṣe rí nìyẹn. Bí irin bá kan irin, ó rí afárá. Tí a bá ní a tì í, irin ti kan irin nìyẹn. Tí a bá ní a ṣí i, a ti gbé pákó kúrò.”

“Kí ló wá dé tí ẹ kò fi sọ pé kí n má jẹ́ kí wọ́n gbé pákó padà?”

Ó ronú sí i. “Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Ìbàdàn ni mo ṣe sọ ọ́. N kò rò pé ó lè rú ẹnikẹ́ni lójú.”

Mo tún bi í léèrè irin inú ilẹ̀. Ó ní iná tó bá ṣìnà ni irin náà ń mú wọlẹ̀ kó má baà pa èèyàn, pé ilẹ̀ tútù ló ń gbà á dáadáa. Mo dúpẹ́. N kò sọ fún un pé mo máa ń kí i.

Kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó tọrọ àgádágodo àti ṣéènì lọ́wọ́ Ìyá Sẹ̀lí, ó fi ti ọwọ́ irin yẹn mọ́ ìsàlẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀. Ó yọ gbogbo fíùsì, ó kó wọn sápò kejì. Ó ní gílóòbù kan tó so wáyà méjì mọ́, ó sì ń fi í kan ibi gbogbo kí ó tó fọwọ́ kàn án, pé bí iná bá wà níbẹ̀, kí gílóòbù náà kọ́kọ́ sọ fún òun. Mo dúró tì í, mò ń wò. Ó di àwọn wáyà náà pinpin, kò jẹ́ kí ìhòòhò wáyà kankan yọ síta, ó sì kun ọ̀dà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sára fíùsì kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ èwo ni ti pálọ̀, èwo ni ti sítọ́ọ̀. Ìgbà tí ó dá fíùsì padà, tí ó sì dé ìdérí àpótí méjèèjì tán ni ó ní kí Ráímì gbé ẹ̀ńjìnnì dìde. Ó ṣí àgádágodo.

“Ìyàwó,” ó ní, “ẹ tì í.”

Mo wo ojú rẹ̀ kí n rí i dájú. Mo tì í sókè. Ìyá Sẹ̀lí ké sí wa láti sítọ́ọ̀ pé iná ti dé.

Wọn kò tìtorí ìyẹn dẹ́kun pípè mí ní ará Kétu. Ráímì pàápàá bá mi yodì fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé èmi ni n kì í dákẹ́ bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Bí wọ́n bá sọ ohun tí kò yé mi, mo máa ń ní kí wọ́n tún un sọ, bí wọ́n ṣe ń ní kí èmi náà tún tèmi sọ.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni a gbọ́ pé àwọn Faransé ti fi iṣẹ́ ọ̀ranyàn sílẹ̀. Baálé mi ránṣẹ́ pé kí n di ẹrù mi, ká máa lọ sílé. Mo dágbére fún gbogbo agboolé, mo lọ bá a lóko, a di ìwọ̀nba ohun tó ní, a sì jáde sí títì Àpòmù láti wọ ọkọ̀ Ìbàdàn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń sọ oríṣi ibi tí a ó kọ́ ilé sí. Mò ń dáhùn.

Ọmọ ọkọ̀ kó ẹrù wa sókè, ó wá béèrè pé, “Ìyá, níbo lẹ ó ti sọ̀?”

“Ìkirè,” ni mo wí.

Baálé mi yíjú sí mi. “Ìbàdàn la ń lọ.”

“Mo mọ̀.”

“Èwo ni ká mú?” ọmọ ọkọ̀ béèrè. Awakọ̀ tẹ fèrè, ọkọ̀ sì ṣí.

Lójú ọ̀nà, baálé mi sún mọ́ mi. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé kí ló wà ní Ìkirè, mo wá èsì, n kò rí èyí tó ṣeé sọ fún ẹni tó ti ń sun abà láti ọjọ́ yìí wá nítorí mi. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Ìkirè, mo kàn rí i pé mo ti sọ̀ kalẹ̀, mo dúró nínú eruku, mò ń gbójú sókè wò ó. Ó jókòó láàárín ẹrù wa, kò mira. Àwọn èrò tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Awakọ̀ tún tẹ fèrè. Lẹ́yìn náà baálé mi dìde, ó tú okùn ẹrù àwa méjèèjì, ó na ti àkọ́kọ́ sí mi.

“Di eléyìí mú dáadáa,” ó ní. “Ó wúwo.”